Àgànyìn àti Fóònù Tó Ń Kàwé

Kúkì ló kọ́kọ́ bí mi nínú láàárọ̀ òní. Mo jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, mo ki wáyà bọ etí, mo ní kí n ka ìròyìn díẹ̀ kí oníbàárà tó dé. Kí fóònù tó ka ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ìròyìn ọ̀hún, ó ti ń bi mí bóyá mo gba kúkì. Mo ní mo gbà. Mo bọ́ sí ojú ìwé míì, ó tún bi mí: ṣé mo gba kúkì? Látìgbà tí mo ti ń fi fóònù kàwé, kò sí ilé tí mo yà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọn ò fi kúkì lọ̀ mí, kò sì séyìí tó gbé àwo jáde rí. Ní Mushin níbí, ẹni tó bá ń fi oúnjẹ lọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ tí kì í gbé e wá, ó ní orúkọ tá a máa ń pè é.

Àǹtí Dúpẹ́, tó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lo ohùn inú fóònù yìí, ti ṣàlàyé fún mi pé kì í ṣe bisikíìtì, pé nǹkan kan ni wọ́n fi ń mọ ibi tí ẹsẹ̀ èèyàn gbà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò jẹun kó tó jáde nílé, tó wá gbọ́ kúkì, ẹ fẹ́ kó máa ro kí ni?

Èmi kì í ṣe ọmọ Èkó. Kétu ni wọ́n bí mi sí. Ẹ dúró, mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ, torí gbogbo ará Èkó ló ń sọ ọ́. Ọjọ́ tí mo dé Mushin, ọ̀gá tí mo fẹ́ bá ṣiṣẹ́ bi mí pé níbo ni mo ti wá. Mo ní Kétu.

"Kétu? Kétu tó wà níwájú Ọjọ́ta níbẹ̀ yẹn? Kí ló wá dé tó o di ẹrù tó báyìí, bí ẹni tó ń lọ Mẹ́kà?"

"Kì í ṣe ìyẹn, sà. Kétu ilé ni. Èyí tó wà lábẹ́ Faransé."

"Áà, Kùtọnu! Àgànyìn ni ẹ́."

"Yorùbá ni mí, sà."

"Mo gbọ́. Àgànyìn tó gbọ́ Yorùbá." Ó jókòó dáadáa. "Iṣẹ́ wo lo mọ̀?"

"Sùdẹ̀ẹ̀ ni mí, sà."

Ó wo àwọn ọmọṣẹ́ ẹ̀ lójú, ó sún ìjókòó ẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. "Sùdẹ̀ẹ̀? Ṣé ó máa ń ràn?"

Bẹ́ẹ̀, ohun tí àwa ń pè ní sùdẹ̀ẹ̀ nílé, wẹ́dà náà ni, ẹni tó ń fi iná jó irin mọ́ irin. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí oníbàárà fi gbàgbé ohun tó wá rà. Àtọjọ́ náà ni mo ti ń jẹ́ Àgànyìn. Orúkọ tí bàbá mi sọ mí, mi ò rò pé ó ju èèyàn méjì lọ tó mọ̀ ọ́n ní Mushin, kò sì dá mi lójú pé mo wà nínú àwọn méjèèjì.

Ohun tó ń dùn mí ni pé ìlú wa ti ní ọba, ó ti ní odi yí ká, kí Èkó tó ní afárá kan ṣoṣo. Nílé ìwé ni wọ́n ti ń sọ Faransé fún wa, nílé Yorùbá la ń sọ, ìyá mi ò sì gbọ́ nǹkan míì títí ó fi kú. Mo rò pé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn mi ni mò ń bọ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi pé èèyàn lè lọ sílẹ̀ òkèèrè láàárín àwọn tí wọ́n jọ ń sọ èdè kan náà. Nígbà tí mo sì kọ́kọ́ lọ sílé fún Iléyá, àwọn ọmọdé sáré pàdé mi: "Nàìjíríà ti dé! Nàìjíríà ti dé!" Mushin ní ará ọ̀hún ni mí, Kétu náà ní ará ọ̀hún ni mí. Mo wá ń rò ó pé ọ̀hún gan-an, ibo ló wà, kí n lè kúkú lọ máa gbé ibẹ̀.

Ìwé mi ò jìn. Faransé ni mo kà, mi ò sì kà á jìnnà. Èmi àti ilé ìwé fi ara wa sílẹ̀ láìjà. Ìwọ̀nba tó kù lórí mi ló wá ń dà mí láàmú l'Ékòó, torí tí ojú mi bá rí Gẹ̀ẹ́sì lára ògiri, Faransé ni ẹnu mi ń kà á sí. Nígbà kan tá a lọ jó irin ní ilé-iṣẹ́ kan, wọ́n ní kí n gba "Main Gate" wọlé. Mo rí i tí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà. Faransé ń pe ọwọ́ ní "mẹ́ẹ̀n". Èmi wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọwọ́ lára géètì. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ẹnu, mo gbọ́ ọ. Oníbàárà tó bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì bú èèyàn, èèyàn á gbọ́ ọ kíákíá.

A jó géètì, a jó irin ojú fèrèsé, a jó àtẹ̀gùn. Tí iná bá ta sí wa lójú, mílíìkì alágolo la ń kán sí i, a ó dojú kọ ọ̀run, a ó ní kò séwu. Gbogbo wẹ́dà ló ń ṣe é. Mílíìkì tí mo kán sójú láyé mi, ká ní mo mu ún ni, màá ti sanra.

Ohun kan tún wà tó yà mí lẹ́nu ní Mushin, bí àwọn èèyàn ṣe ń fi èjìká gbá mi. Mò ń lọ jẹ́jẹ́ mi, ẹnì kan á kàn yọ láti ẹ̀gbẹ́, gbàà! Mo ní ará Èkó ò lẹ́kọ̀ọ́. Ọdún ń gorí ọdún, ó ń le sí i. Kẹ̀kẹ́ Márúwá á yọ láti ẹ̀gbẹ́, mi ò ní rí i àfi tí dírẹ́bà ẹ̀ bá ti ń bú ìyá mi. Lẹ́yìn náà, òpó iná gbá mi. Mo ní òpó iná Èkó náà ò lẹ́kọ̀ọ́.

Mi ò sọ fún wọn nílé. Kí ni màá sọ? Pé òpó ń gbá mi? Àbúrò mi Ráfíù ló máa ń pè mí, àwa méjì péré la kù lọ́mọ bàbá wa. Ọ̀kadà ló ń gùn ní Kétu, tó fi ń kó èrò. Á ní, "Ẹ̀gbọ́n, Èkó ńkọ́?" Màá ní, "Èkó wà. Ilé ńkọ́?" Á ní, "Ilé wà." Á wá dákẹ́, èmi náà á dákẹ́, a ó máa gbọ́ èémí ara wa títí káàdì á fi tán. Ìdákẹ́ yẹn gan-an ni mo máa ń dúró dè. Yàrá tí mò ń gbé, ògiri ẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé tí ará yàrá kejì bá sín, èmi ni mo máa ń kí i kú ewu. Síbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ èémí mi níbẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi Múfú, tá a jọ ń jó irin, ló fà mí lọ sọ́sibítù. Ọjọ́ tí mo jó ìdè géètì mọ́ ibi tó yẹ kí kọ́kọ́rọ́ wà ni. Ẹni tó ni géètì dúró, ó wò ó, ó ní, "Àgànyìn, ṣé bó ṣe ń ṣí ní Kùtọnu nìyí?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Múfú ò rín.

Dókítà wo ojú mi pẹ̀lú iná, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Gẹ̀ẹ́sì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, Gẹ̀ẹ́sì tí kò ní èébú nínú, mi ò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ irú ìyẹn. Ohun tí mo mú níbẹ̀ ni orúkọ àìsàn náà, gùlókómà. Mo yíjú sí Múfú.

"Kí ló wí?"

Múfú nu ojú ẹ̀. "Ó ní kó o máa kán oògùn yìí láràárọ̀ lálaalẹ́. Ó ní Ọlọ́run á ṣe é."

Ni mo bá ń kán an. Mò ń dúró kí ojú mi padà, bí ẹni tó ń retí kí wọ́n mú iná wá. Gbogbo àárọ̀ ni màá la ojú, màá wo òrùlé, màá ní bóyá òní ni.

Kò padà. Lẹ́tà inú fóònù lọ, ojú àwọn èèyàn tẹ̀ lé e. Mo fi iná jíjó sílẹ̀ fún Múfú, mo wá jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù, mò ń ta okùn iná, ìdè géètì àti ayùn irin. Ọwọ́ mi mọ gbogbo wọn. Nọ́ọ̀sì kan ló sọ fún mi pé ibì kan wà ní Yaba tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí kò ríran dáadáa bí wọ́n ṣe ń lo fóònù. Mo rò ó pé ẹni tó ń fi ojú méjèèjì ka ìwé tí kò yé e, ojú ti wá lọ tán, ó wá fẹ́ lọ kàwé. Mo lọ ṣá. Àìníṣe ló gbé mi lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Àǹtí Dúpẹ́. Obìnrin náà ò ríran látìgbà tó ti wà lọ́mọdé, ó sì ń rìn nínú yàrá yẹn bí ẹni tó kọ́ ọ. Ó kéré sí mi dáadáa, ṣùgbọ́n olùkọ́ ni olùkọ́ ń jẹ́.

"Bọ̀dá, ẹ mọ̀wé kà?"

"Ó kù díẹ̀ káàtó, Àǹtí. Faransé ẹ̀ ti dípẹtà, Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀ ò tíì hù."

"Ẹ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bá sọ ọ́?"

"Mo gbọ́ èébú inú ẹ̀ dáadáa."

"Ẹ ti mọ̀wé nìyẹn. Etí lẹ máa fi kà á."

Ó tan ohùn fóònù mi. Ohunkóhun tí mo bá fọwọ́ kàn, ó ń pè é. Mo fọwọ́ fà á sọ́tùn-ún, ó lọ sórí nǹkan tó kàn. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣí i. Àǹtí ní kí n wá ìròyìn tó wù mí. Mo wá ti owó epo. Háà. Lińkì. Lińkì. Bọ́tìnì. Àwòrán. Lińkì. Ohùn náà ka tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù fún mi, ó ka oògùn tó ń mú ikùn wọlé, ó ka ilẹ̀ tí wọ́n ń tà ní ibi tí mi ò gbọ́ rí, ó bi mí léèrè kúkì. Kó tó dé orí epo, epo á ti tún gbówó lórí.

"Àǹtí, ṣé bí àwọn tó ríran ṣe ń jìyà nìyí?"

"Àwọn ń fi ojú fò ó ni. Ẹ̀yin náà ẹ fò ó. Ẹni tó bá wọ ọjà tó ń dúró kí gbogbo ẹni tó pàtẹ, ìgbà wo ló fẹ́ ra iyọ̀?" Ó mú ìka mi, ó fi hàn mí bí mo ṣe lè máa bẹ́ láti orí-ọ̀rọ̀ kan sí òmíràn, láìdúró lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Ó wá fi bọ́tìnì kan hàn mí. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́, gbogbo pálapàla tó wà lójú ìwé náà á lọ, ìròyìn nìkan á kù, ohùn á máa kà á lọ títí dé ìparí.

Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbà mí gbọ́, ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n pa gbogbo jẹnẹrétọ̀ àdúgbò lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ kù, èmi náà kù.

"Ẹ jẹ́ kó máa sáré díẹ̀," Àǹtí ní. Tiẹ̀ ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé.

"Ẹ jẹ́ kó máa fẹsẹ̀ rìn, Àǹtí. Àlejò ni mí."

Bí mo ṣe di ẹni tó ń kàwé nìyẹn, èmi tí mo sá nílé ìwé. Mo ka ti bọ́ọ̀lù, mo ka ti àwọn olóṣèlú, mo ka bí wọ́n ṣe ń sin ìgbín. Mi ò ní ìgbín. Àwọn ọmọṣẹ́ Múfú á ní, "Ẹ̀gbọ́n Àgànyìn, kí ni wọ́n sọ lónìí?" Màá sọ fún wọn, wọ́n á jiyàn, màá ní mo kà á ni. "Mo kà á." Ẹ ò mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dùn lẹ́nu mi. Lẹ́yìn náà ni inú mi á bàjẹ́. Bí ẹni tó ń wọ aṣọ tuntun lọ síbi tí òde ti tú ni.

Ní ọ̀sán kan, mo wá gùlókómà fúnra mi. Mo tẹ bọ́tìnì, ariwo lọ. Ohùn náà ń kà á ní Gẹ̀ẹ́sì jẹ́jẹ́, mò ń mú un níkọ̀ọ̀kan. Ó ní àìsàn náà kì í dunni. Ó ní láti ẹ̀gbẹ́ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìríran èèyàn, onítọ̀hún ò sì ní mọ̀. Mo rántí gbogbo èjìká tó gbá mi ní Mushin, àtàwọn èèyàn tí mo bú. Ó ní oògùn lè mú kí èyí tó kù dúró. Ó ní èyí tó bá ti lọ kì í padà.

Mo fà á sẹ́yìn. Ó tún un sọ. Ohùn kan náà ni, kò rọ̀ ọ́, kò le mọ́ mi. Èyí tó bá ti lọ kì í padà.

Mo pe Múfú. Ó pa iná ọwọ́ ẹ̀, ó wá dúró tì mí.

"Múfú, ọjọ́ tá a lọ sọ́sibítù, dókítà ní kò ní padà, àbí?"

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Mo kà á."

"Àgànyìn, o ò níyàá níbí, o ò ní bàbá níbí. Ta ló fẹ́ sọ irú ẹ̀ fún ẹ? Mo ní kó o ṣì máa rí nǹkan retí."

Mi ò lè bínú sí i. Mo fẹ́ bínú, kò wá.

Ṣùgbọ́n ohùn náà ò tíì parí. Mo jẹ́ kó máa lọ. Ó ní àìsàn náà máa ń rìn nínú ẹbí, pé tó bá ti mú ẹnì kan, kí ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá ẹ̀ lọ yẹ ojú wò, kó tó pẹ́.

Ojú bàbá wa fọ́ kó tó kú. Èédú ló ń jó tà, gbogbo ìlú ní èéfín ni. Ìgbà tí mo lọ sílé kẹ́yìn kó tó lọ, ó fọwọ́ pa ojú mi látòkè délẹ̀, ó ní, "Irùngbọ̀n ẹ ti hù." Ojú tèmi wá ń lọ, gbogbo wa ní iná wẹ́dà ni, a ń kán mílíìkì. Iṣẹ́ olúkúlùkù wa la dá lẹ́bi. A ò dá ẹ̀jẹ̀ lẹ́bi.

Mo pe Ráfíù.

"Ráfíù, ojú ẹ ńkọ́?"

"Ojú mi bíi báwo? Ojú mi wà lójú mi."

"O máa ń rí ẹ̀gbẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ń gun ọ̀kadà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́? Iwájú ni mò ń lọ." Ó rẹ́rìn-ín. "Àwọn ewúrẹ́ ìlú yìí ló ń yọ mí lẹ́nu, orí wọn ti dàrú. Wọ́n kàn máa ń bẹ́ sójú ọ̀nà ni. Mo gbá ti Ìyá Múnírà lọ́jọ́ ọjà, obìnrin yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí."

Ewúrẹ́ tiẹ̀, òpó iná tèmi.

"Ráfíù, lọ sọ́sibítù. Irú èyí tó mú Bàbá ló mú mi. Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀."

"Èéfín èédú ló mú Bàbá. Mi ò jó èédú."

"Èmi náà ò jó èédú."

"Ẹ̀yin jó irin. Ìyẹn tún burú ju èédú lọ. Ta ló sọ fún yín pé ẹ̀jẹ̀ ni?"

"Fóònù mi kà á fún mi."

Mo gbọ́ tó pe ìyàwó ẹ̀: "Wá gbọ́! Ẹ̀gbọ́n ní fóònù àwọn ti di dókítà!" Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, ohùn ẹ̀ rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa bọ̀ nílé. Ilé wà. A ó máa fà yín lọ́wọ́."

Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìfẹ́ ni. Òun ló dùn mí jù. Ẹni tí ojú ẹ̀ ń lọ lọ́hùn-ún ń fẹ́ fa ẹni tí ojú ẹ̀ ti lọ lọ́wọ́, kò sì mọ̀.

Mo ní kí n wá ibi tí wọ́n ti ń wo ojú ní Kétu fún un. Fóònù kó ọsibítù jọ fún mi lọ́nà Ọjọ́ta àti Máìlì Twẹ́ẹ̀fù. Fóònù náà ò gbà pé mo ti ibì kan wá.

Àǹtí Dúpẹ́ gbọ́ gbogbo ẹ̀ nígbà tí mo tún lọ sí Yaba. Ó ń fi ìka gbá tábìlì.

"Ẹ sọ fún un ní Yorùbá, kò gbọ́. Nílé yín, ọ̀rọ̀ ta ni wọ́n máa ń gbọ́?"

Mo rò ó. Yorùbá la fi ń ṣe ẹ̀fẹ̀ nílé, òun la fi ń ná ọjà, òun la fi ń jà. Tíṣà, nọ́ọ̀sì, ọlọ́pàá ojú ọ̀nà, Faransé ni gbogbo wọn. Ohun tí wọ́n bá fi Faransé sọ ni òfin.

"Ẹni tó bá ń sọ Faransé, Àǹtí."

"Ẹ jẹ́ kí fóònù yín sọ Faransé nígbà náà."

A wá ojú ìwé Faransé kan tó sọ̀rọ̀ nípa gùlókómà. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kà á báyìí, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu ẹ̀. Mi ò gbọ́ nǹkan kan.

"Ẹnu Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń ka Faransé," Àǹtí ní. "Bí ẹ̀yin náà ṣe ka géètì. Ẹ jẹ́ ká pààrọ̀ ohùn."

Ó pààrọ̀ ẹ̀. Obìnrin kan jáde. Faransé tó mọ́ tónítóní, bíi ti màdáàmù tó kọ́ wa nílé ìwé. Ẹ̀yìn mi nà gbọnrangandan lórí àga, mo fi ọwọ́ pamọ́ kó má baà fi pátákó gbá a. Mo sì ń gbọ́ ọ! Èdè tí mo ní mo ti gbàgbé, ó ń wọlé níkọ̀ọ̀kan, ó ń jókòó. Mo ní, ká ní ẹnì kan ti kàwé fún mi báyìí nígbà yẹn, kí n kàn máa fi etí gbà á, ṣé màá tiẹ̀ kúrò nílé? Àǹtí bi mí kí ló dé tí mò ń fa imú. Mo ní eruku Yaba ni.

Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Múfú mú fóònù tiẹ̀ wá, ká fi gba ohùn náà sílẹ̀ kó lè fi ránṣẹ́ sí Ráfíù. Ó ní kí gbogbo èèyàn pa iná ọwọ́ wọn. Oníbàárà kan dé, ó ní òun fẹ́ ìdè géètì. Múfú fò dìde: "Ẹ dákẹ́ jàre! Òyìnbó ń sọ̀rọ̀!" Ọkùnrin náà bọ́ fìlà, ó dúró jẹ́ẹ́ títí obìnrin náà fi parí.

Ọjọ́ kejì ni Ráfíù pè. Kò bi mí léèrè Èkó.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ni ìyá yẹn?"

"Ìyá wo?"

"Ìyá òyìnbó tó bá mi sọ̀rọ̀. Ó mọ̀ mí ni?"

"Kí ló fà á?"

"Ó ń fi 'ẹ' bá mi sọ̀rọ̀." Ohùn ẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ó ní ojú yín. Ó ní ẹ̀yin àti àwọn ẹbí yín. Ó ní ẹ lọ kí wọ́n bá yín wò ó. Òyìnbó àgbàlagbà, ó ń fi 'ẹ' bá mi sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n."

Ó yé mi. Faransé ní "o", ó ní "ẹ", bíi tiwa gẹ́lẹ́. Àwọn ọlọ́pàá tó ń dá ọ̀kadà dúró, "o" ni wọ́n ń fi bá Ráfíù sọ̀rọ̀, àwọn tí ọjọ́ orí wọn ò tó tiẹ̀. Nínú gbogbo ọdún tó ti ń gbọ́ Faransé, bóyá ohùn yìí ló kọ́kọ́ bọ̀wọ̀ fún un. Mo fẹ́ sọ fún un pé fóònù ni, pé gbogbo ẹni tó bá ṣí ojú ìwé náà ló ń fi "ẹ" bá sọ̀rọ̀, olówó àti tálákà, olè pàápàá. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mi, mo gbé e mì.

"Ó ní kó o lọ," mo ní.

"Màá lọ. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ ò ṣe é kọ̀ lẹ́nu."

Ó lọ lóòótọ́. Wọ́n kọ́kọ́ ní kó lọ kó padà wá, wọ́n tún ní kó lọ sí ìlú kejì. Ó ń lọ. Èmi náà ń jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́, mò ń ta okùn iná, mò ń ka ohun tí mi ò nílò, kí ọkàn mi má baà máa wà lọ́dọ̀ ẹ̀. Tí fóònù bá dún, màá rò pé òun ni.

Ọ̀sán òní ló dún, lẹ́yìn tí èmi àti kúkì ti jà tán. Mo yọ wáyà létí kí n lè gbọ́ ọ dáadáa.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti wò ó. Ọ̀tún ṣì dára. Wọ́n fún mi ní oògùn, wọ́n ní tí mo bá ń kán an, á dúró."

"Alihamudulilai. Òsì ńkọ́?"

Mò ń gbọ́ èémí ẹ̀.

"Òsì ti lọ," ó ní. "Wọ́n ní ó ti pẹ́ tó ti ń lọ. Wọ́n ní kí n má gbé èrò mọ́."

Ìwé tí mò ń kà láti àárọ̀ dalẹ́, kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú ẹ̀ tó wúlò. Mò ń ro ọdún tí òpó kọ́kọ́ gbá mi. Ká ní mo ti mọ̀wé nígbà yẹn. Ká ní ohùn yìí ti wà lọ́wọ́ mi nígbà tí ojú ẹ̀ méjèèjì ṣì pé. Bàbá ò mọ̀, mo mọ̀ nígbà tí ó ti pẹ́, tèmi ti lọ, tiẹ̀ ti lọ ní ìdajì. Múfú ń jó irin lẹ́yìn mi, àwọn ọmọṣẹ́ ń ṣeré, oníbàárà kan ń bi mí léèrè iye ayùn. Mo na ọwọ́ sí i pé kó dúró.

"Ráfíù, ṣé o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá ìyá yẹn sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ ohun tó wí, mo gbọ́ ọ yé. Ṣùgbọ́n ẹ fọ̀wọ̀ bi í lẹ́ẹ̀kan sí i fún mi: èyí tó ti lọ yẹn, ṣé lóòótọ́ ni kò ní padà?"